Ohun Tó Ń Lu Ọládiípọ̀ Láyà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ọládiípọ̀ Ọ̀ṣuntókun ará Emùré, ẹ bá mi bi onítọ̀hún bóyá ó ti bá a gbé ilé kan rí. Àgbẹ̀ kòkó ni, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ le bí ti ẹni tí ó ń lé ewúrẹ́ nídìí iṣu. Kò jalè rí, kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni rí, iṣẹ́ kòkó sì yé e dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ó bá di ti ká di kùnrùngbùn, kò sí ẹni tí ó lè bá a du ipò kìíní láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìsẹ̀.

Ẹni tí ó ń bá yan odì ni Babáfẹ́mi, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Ọgbọ̀n ọdún ni Babáfẹ́mi fi ṣe mẹkáníìkì ní Èkó kí ó tó padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí ọkọ̀ ti tẹ̀. Nígbà tí ó dé, ó wo oko kòkó bàbá wọn tí ó wà lọ́nà odò Ògbèsè, ó ní àwọn igi náà ti darúgbó, àrùn ti mú wọn, àwọn elétò ọ̀gbìn sì ti ní kí wọ́n gé wọn kí wọ́n gbin òmíràn. Ọládiípọ̀ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí Ọládiípọ̀ fi lọ sí Òmùò fún ìsìnkú àna rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lọ́hùn-ún. Kí ó tó dé, Babáfẹ́mi ti kó àwọn tó ní ẹ̀rọ ìgégi wọ oko. Irinwó igi kòkó ló wà nílẹ̀ gbalaja. Èyí tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ní ọdún tí wọ́n bí Ọládiípọ̀ wà lára wọn, omi sì ń ṣe ṣọ́ṣọ́ lójú ibi tí wọ́n ti gé e.

Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tán láàárín wọn. Inú ilé bàbá wọn kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé o. Ẹ̀gbọ́n wà ní yàrá iwájú, àbúrò wà ní yàrá ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run mú wá, Babáfẹ́mi á wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi." Ọládiípọ̀ kì í dáhùn. Á máa wo àjà bí ẹni pé aláǹgbá ló kọjá. Ọdún méje gbáko! Àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, Fisáyọ̀ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ìyẹn fi kú, ó fi àáké kọ́rí. Níhìn-ín, ó tẹ́ wa lọ́rùn kí àgbà fi pàṣán na èèyàn ju kí ó gbọ́ ìkíni kí ó má dáhùn lọ. Ọládiípọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣe é.

Ní ọdún kẹfà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Awọ funfun bo ẹyinjú méjèèjì. Kò pẹ́ tí kò fi rí ju òjìji èèyàn lọ. Doyinsọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó kúrò ní Ìbàdàn wá ń tọ́jú rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ń fi ohùn dá olúkálukú mọ̀, ìyẹn sì tó òun.

Kò tó o. Ní Sátidé kan, àwọn àgbà ẹbí jókòó níwájú ilé fún ìpàdé. Òtútù ti mú Babáfẹ́mi fún ọjọ́ mẹ́ta, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Ó jáde wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan Ọládiípọ̀, ìyẹn gbọ́ ohùn háhá kan nísàlẹ̀, ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àdúgbò ni. Ó na ọwọ́, ó gbé e lé onítọ̀hún lórí.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ó ní. "O ó dàgbà, o ó darúgbó. Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ è ní bàjẹ́. Ayé è ní gba tọwọ́ rẹ."

Àwọn àgbà mẹ́fà tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Ọládiípọ̀! O mà ti súre fún Babáfẹ́mi!"

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ojú tì í, inú bí i, ó dìde, ó fẹ́ wọlé, ó sì forí sọ òpó. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà kò kúrò létí rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé kò sí bí ó ṣe lè gba ìre náà padà. Ó ti tẹnu rẹ̀ jáde, àwọn àgbà mẹ́fà sì ti ṣe àmín sí i. Ní ọdún yẹn gan-an, iṣu Babáfẹ́mi ta débi pé ọkùnrin méjì ló ń gbé ẹyọ kan nínú wọn. Ọládiípọ̀ kò jẹ nínú rẹ̀. Ó ní iṣu òun ni, ẹnu òun ni wọ́n ti jí i.

Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn dókítà ojú kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹ́rẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló pe ọmọ rẹ̀.

"Gbé mi lọ."

"Bàbá, kí ló yí yín lọ́kàn padà?"

"Mo fẹ́ máa rí ẹni tí mi ò ní í dá lóhùn."

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni àwọn dókítà náà yóò lò, láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́rú, wọn kò sì ní padà títí di ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀gá wọn, Dókítà Akínọlá, fi iná wo ojú Ọládiípọ̀, ó mi orí. Ó ní ojú òsì ti fọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ojú ọ̀tún ló kù. Bí wọ́n bá fi di ọdún tí ń bọ̀, ìyẹn náà ti lọ. Ọ̀rọ̀ di kíá kíá nìyẹn.

Ìyàrá ibi tí wọ́n ti ń múra aláìsàn sílẹ̀ ni wọ́n mú un lọ. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Àdúràolúwa, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ara rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ó fi ohun kékeré kan há Ọládiípọ̀ ní ìka, bíi èyí tí wọ́n fi ń há aṣọ sórí okùn. Okùn tín-ín-rín kan ti ìdí rẹ̀ lọ sára ẹ̀rọ kan lórí tábìlì. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pín, pín, pín.

"Kí ni ìyẹn ń sọ?" Ọládiípọ̀ bi í.

"Ó ń ka bí àyà yín ṣe ń lù, Bàbá. Iye ìgbà tí ó ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan." Ó wo ẹ̀rọ náà. "Àádọ́fà ni. Ó pọ̀ jù. Ṣé ẹ jẹ obì láàárọ̀?"

"Mẹ́ta péré."

Nọ́ọ̀sì pariwo. Wọ́n dá a padà sílé. Ó di ọ̀la, láìsí obì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò jẹ obì, kò mu kọfí, kò tilẹ̀ jẹun. Lórí bẹ́ńṣì, ẹ̀rọ ka ọgọ́rin. Nọ́ọ̀sì ní ó dára. Wọ́n gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú kí wọ́n lè fi oògùn pa ojú náà kú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Bí òkùnkùn ti bò ó, kò sí ohun mìíràn tí ó wá sí i lọ́kàn ju oko ọ̀nà Ògbèsè lọ. Ó rí àwọn igi nílẹ̀. Ó rí Babáfẹ́mi tí ó dúró láàárín wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ tẹ̀, tí ó ń nawọ́ sí ibi tí wọ́n tún máa gé. Ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìgégi bẹ́ẹ̀ kò sí lóko lọ́jọ́ tí wọ́n gé e. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì. Ẹ̀rọ orí tábìlì sáré tẹ̀ lé e, ó ń ké bí òròmọdìyẹ tí àṣá gbé.

"Mẹ́rìnléláàádóje!" nọ́ọ̀sì ní. "Bàbá, kí lẹ rí?"

"Kí ni màá rí? Ṣé ẹ kò bò mí lójú ni?"

Dókítà Akínọlá wọlé, ó wo ẹ̀rọ, ó sọ abẹ́rẹ́ tí ó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ní òun kò lè la ojú ẹni tí àyà rẹ̀ ń sá báyìí. Ẹ̀jẹ̀ lè ya nínú ojú, wọ́n á sì sọ èyí tí ó kù nù. Ó jáde lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn.

Àdúràolúwa kò jáde. Ó ká aṣọ kúrò lójú Ọládiípọ̀, ó fa àga, ó jókòó. Ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ síka rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ro iyán. Iyán gbígbóná, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹran ìgbẹ́."

Ọládiípọ̀ rò ó, nítorí ebi ń pa á. Ẹ̀rọ rọra ń wálẹ̀: ọgọ́fà, ọgọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún.

"Ó dáa. Ta ló ṣẹ̀ yín?"

Kò la ẹnu o. Kò mi ìka. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀. Doyinsọ́lá tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló fọhùn.

"Àbúrò wọn ni. Ó gé igi kòkó wọn lóko."

"Pa ẹnu rẹ dé!" Ọládiípọ̀ jágbe. Inú rẹ̀ ru sí ẹ̀rọ náà gan-an. Irú ohun wo nìyí, tí yóò máa tú àṣírí èèyàn láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀? "Urọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń pa. Ẹni tí kò sí níhìn-ín, báwo ló ṣe máa lù mí láyà?"

"Ó wà níhìn-ín, Bàbá," nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Àyà yín kò mọ ìyàtọ̀. Ohun tí ẹ fi ojú inú rí, bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ló ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹ rí igi, ó rí igi. Ẹ bínú, ó ń múra ìjà. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, òun wà lóko, ó ń sáré." Ó dìde. "Ọ̀la ló kẹ́yìn. Ẹ lọ wá ohun mìíràn tí ẹ máa rò. Ohun tó bá ti lè fún yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Wọ́n gba Ìsẹ̀ padà sí Emùré nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n délé, oòrùn ṣì wà lókè. Ó tẹ́ ẹní sí yàrá, ó dùbúlẹ̀, ó ní kí Doyinsọ́lá di ọrùn ọwọ́ òun mú kí ó máa fi fóònù rẹ̀ kà á.

Ó kọ́kọ́ ro Fisáyọ̀. Bí ó ti rí ojú aya rẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Babáfẹ́mi lóhùn." Ọmọ rẹ̀ ní ó ti di ọgọ́rùn-ún. Ó ro ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ akọrin bí kò ṣe Babáfẹ́mi? Ó ro odò Ògbèsè, tí omi rẹ̀ tutù tí ó sì ń lọ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Ibi gbogbo tí ó yà sí nínú ayé rẹ̀, onítọ̀hún ti jókòó síbẹ̀ dè é. Ẹni tó bá ti fi ọdún méje bọ́ ìkùnsínú, ibo ló tún kù tí ìkùnsínú náà kò ní yọjú? Èmi kò ṣàánú rẹ̀.

Ìbínú gbé e dìde jókòó. Ó tún fi ara lélẹ̀. Ó wá sọ nínú ara rẹ̀ pé, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí Babáfẹ́mi kú. Ó sì pa á.

Ó rí pósí. Igi ọ̀mọ̀ ni, wọ́n kùn ún dáadáa. Ó rí Babáfẹ́mi nínú rẹ̀, òwú funfun nímú, ẹnu pípadé, ohùn kò sí. Ó rí kòtò lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àti ara rẹ̀ tí ó dúró létí kòtò nínú agbádá, ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ kedere. Ó wo yẹ̀pẹ̀ bí ó ti ń bọ́ gbì, gbì. Ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá!" Doyinsọ́lá pariwo. "Ó ti di mẹ́rìnléláàádọ́rin! Kí lẹ ń rò?"

"Mò ń ro oore Ọlọ́run."

"Ẹ máa rò ó lọ, Bàbá mi. Ẹ má fi sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí ó rò ó ní àárọ̀ Ọjọ́rú, tí ó rò ó lórí bẹ́ńṣì. Babáfẹ́mi kú bíi ìgbà mẹ́wàá. Nígbà tí ó bá ti sin ín tán, á tún hú u jáde, á tún sin ín. Àdúràolúwa fi ẹ̀rọ há a níka, ó ka méjìléláàádọ́rin, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹni tí ó bá rí Bàbá lónìí á mọ̀ pé àlàáfíà Olúwa wà pẹ̀lú wọn. Ọládiípọ̀ ṣe àmín.

Wọ́n fi aṣọ bò ó lójú. Wọ́n gún ojú náà lábẹ́rẹ́, ó kú. Ó ń gbọ́ ohùn Dókítà Akínọlá lókè orí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé wọ́n ń fọwọ́ kan òun, ṣùgbọ́n kò dùn ún. Ẹ̀rọ ń ké pín, pín, jẹ́jẹ́. Ó gbé pósí náà jáde.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìbínú kò jẹ́ kí ó rántí láti àná. Ní ìdílé Ọ̀ṣuntókun, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé níbí, ẹ̀gbọ́n kì í dúró létí kòtò àbúrò. Kò gbọdọ̀ rí pósí, kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró yẹ̀pẹ̀. Wọ́n á mú un wọ yàrá lọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, títí wọn yóò fi ṣe tán. Ìgbà mẹ́wàá ni ó ti dúró síbi tí kò tọ́ sí i láìfura. Ní ìgbà kọkànlá yìí, bí ó ti na ẹsẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, ó rí àwọn àgbà ẹbí mẹ́fà tí wọ́n jókòó níwájú ilé lọ́jọ́ ìre. Kò pè wọ́n, wọ́n dé. Àkànní tí ó dàgbà jù nínú wọn dì í mú lápá.

"Ọládiípọ̀, níbo lò ń lọ? Ùwọ ni ẹ̀gbọ́n. Wọlé."

Ó bá wọn jà. Wọ́n jù ú lọ. Wọ́n fi í sí yàrá iwájú, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró kí wọ́n wá ṣí i. Kò gbọ́ orin, kò gbọ́ ẹkún. Ojú fèrèsé mọ́, ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn. Ó wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Kò sí ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀. Láti ọdún méje, kò sí àárọ̀ kan tí ohùn yẹn kò fi jí i. Kódà nígbà tí Fisáyọ̀ kú tí gbogbo ilé fọ́nká, ohùn yẹn dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó fi etí sí i. Ilé náà dákẹ́, ó tún dákẹ́ sí i. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi, irú èyí tí kò bà á rí láti kékeré.

"Ó ń gòkè," Àdúràolúwa ní. "Àádọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́jọ. Dókítà!"

"Mo rí i," Dókítà Akínọlá dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo ti la ojú, mi ò lè pa á dé báyìí. Bàbá, ẹ má mira. Bí ẹ bá mira, ojú lọ."

"Ọgọ́fà!"

Nọ́ọ̀sì tẹ ẹnu mọ́ ọn létí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ohun tí ẹ ń rò lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn tó dára yẹn."

Ó gbìyànjú. Ó na ọwọ́ sí pósí, ibẹ̀ ni ó ti wá le jù. Òógùn bo gbogbo ara rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo tí ó kù fún un nínú ayé wà ní ṣíṣí lábẹ́ abẹ, àyà rẹ̀ sì ń lù bí ẹni pé yóò já. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Nínú yàrá tí wọ́n tì í mọ́ náà, Ọládiípọ̀ Ọ̀ṣuntókun la ẹnu nínú ọkàn rẹ̀, ó pe orúkọ tí kò pè láti ọdún méje.

"Babáfẹ́mi!"

Kò sí ìdáhùn. Ó tún pè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà náà ni ó gbọ́ ọ ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹsẹ̀ kan tí ń rìn, ẹsẹ̀ kejì tí ń wọ́ nílẹ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ń wálẹ̀," nọ́ọ̀sì ní. "Ọgọ́rùn-ún. Àádọ́rùn-ún. Ọlọ́run ṣeun. Bàbá, ohun yòówù kó jẹ́, ẹ dì í mú!"

Ó dì í mú. Fún gbogbo ìṣẹ́jú tí ó kù, ó ń mú kí Babáfẹ́mi dọ̀bálẹ̀, kí ó kí òun, kí ó dìde, kí ó padà sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó tún wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Inú bí i sí ara rẹ̀ bí kò ti bí i rí. Ó ń fi irinwó igi kòkó bú ọkùnrin náà, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má dákẹ́.

Wọ́n sùn síbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, kí àwọn dókítà tó padà sí Ìbàdàn, wọ́n tú ojú náà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó rí ni ìka ọwọ́ Dókítà Akínọlá, mẹ́ta; lẹ́yìn náà ni ojú ọmọ rẹ̀, tí ewú ti ń hù níwájú orí rẹ̀ láìjẹ́ pé òun mọ̀. Àdúràolúwa bi í pé kí ni ó rò tí ó gbà á là.

"Kò kàn ọ́," ó ní. Ṣùgbọ́n ó gbàdúrà fún un, ó sì wo ẹni tí ó ń gbàdúrà fún dáadáa kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n padà sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ. Ó ti múra bí òun yóò ti ṣe é: yóò jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀ tán pátápátá, yóò wò ó lójú kòró, kí ó mọ̀ pé òun rí i, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ojú kúrò. Ọdún kan ni ó ti ń dúró de àárọ̀ yìí. Oòrùn yọ. Àwọn ọmọ iléèwé kọjá, wọ́n kí i, ó dá wọn lóhùn. Doyinsọ́lá gbé ẹ̀kọ wá, kò jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn ilé dákẹ́.

"Ìwọ," ó ní fún ọmọ rẹ̀, "ṣé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ulé ni?"

"Ta lẹ fẹ́, Bàbá?"

Ó na etí sí ẹ̀yìn ilé. Àyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan níka rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iye tí ó ń lù. Ó ti dìde láti lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí kò dé láti ọdún méje, nígbà tí ilẹ̀kùn kan dún, tí ẹsẹ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sáré padà sórí àga. Ó gbé ojú le.

Arúgbó kan ló yọ. Ọládiípọ̀ kò mọ̀ ọ́n fún ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin tí ó ti ń bá jà nínú orí rẹ̀ sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dúró láàárín igi wíwó. Èyí ti gbẹ, irun rẹ̀ funfun, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ẹsẹ̀ tí ó ń wọ́ náà sì wú tóbẹ́ẹ̀ tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìrísí bàbá wọn gan-an ló wà lójú rẹ̀. Ó rí ẹni tí ó jókòó, ó rí i pé ojú náà ti ń ríran, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn. Ó gbà á tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó dọ̀bálẹ̀ tán: orúnkún tó dáa, ọwọ́ méjèèjì, àyà.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọládiípọ̀ wò ó. Ó gbìyànjú láti gbé ojú lọ sí àjà, ojú kò lọ.

"Ùwọ ò kú?" ó jágbe.

Babáfẹ́mi gbé orí sókè lórí ilẹ̀. Láti ọdún méje tí ó ti ń kí i, kò tíì múra ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá dá a lóhùn.

"Mi ò kú, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí níkẹyìn.

"Kí ló wá mú ọ pẹ́ tó báyìí?"